Mọ́tò Tó Dúró Sójú Kan Kò Sinmi

Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan tí à ń rà ní owó tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo jókòó, mo ṣírò owó oṣù mi, mo sì sọ fún ìyá mi pé Corolla wa máa sinmi fúngbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo lò gan-an nìyẹn: sinmi. Mo wà á sábẹ́ òrùlé páànù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Àsẹ̀rò, Abẹ́òkúta, mo fi tapólì bò ó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Márúwá lọ síbi iṣẹ́ ní Ìdí-Àbà. Èmi nìkan kọ́. Ládùúgbò wa, bí o bá jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wàá rí mọ́tò tí eruku ti bò, tí àwọn ọmọdé ti fi ìka kọ orúkọ ara wọn sí gíláàsì rẹ̀.

Ó di òru ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Aago kan ti lù díẹ̀ nígbà tí ìyá mi pè mí pé orí ń fọ́ òun, ojú òun sì ń ṣú. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi máa ń ru, nítorí náà mi ò dúró bèèrè nǹkan kan. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo sáré lọ ẹ̀yìnkùlé, mo ká tapólì kúrò. Mo tẹ rìmóòtù, kò dáhùn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, iná inú mọ́tò kò tàn. Mo yí kọ́kọ́rọ́ sítáàtì, kò sí ìró kankan. Kò tilẹ̀ dún tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ bí bátìrì tó ti rẹ̀ ṣe máa ń dún. Ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Ká ní Pijó 504 bàbá mi ló wà níbẹ̀ ni, à bá tì í. Jíà ọlọ́wọ́ ni, ilé wa sì wà lórí òkè. Bí a bá yí imú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tí a tì í, tí a fi jíà kejì sí i, ẹ́ńjìnnì á ti ké kó tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi máa ń páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nígbà gbogbo, ọ̀pọ̀ ará Abẹ́òkúta tó ní mọ́tò láyé ìgbà náà ló sì mọ ọgbọ́n yẹn. Ṣùgbọ́n Corolla yìí, ọ̀tọ̀máátíìkì ni. O lè tì í dé Lafẹ́nwá, kò ní tan.

Aládùúgbò wa kan tó ń fi Micra ṣe kábúkábú ló gbé wa lọ. Bí mo ṣe kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò bèèrè ju "Ṣé Màmá ni?" lọ. Wọ́n fún ìyá mi lóògùn nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ilẹ̀ mọ́, a padà sílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Síbẹ̀, ó máa ń jẹ́ pé aládùúgbò wa yìí sun ojú ọ̀nà Èkó lálẹ́ nígbà mìíràn. Bó bá jẹ́ irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tó dí wa lọ́wọ́ lóru yẹn kì í ṣe epo, nítorí epo wà nínú táǹkì. Àpótí kékeré kan tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ kó sinmi.

Bàbá rewáyà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsábọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó fi mítà kàn án, mítà wí fóòtù 3.8. Ó mi orí, ó tú u, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ṣájà sí i fún òru méjì. Nígbà tí ó yọ ọ́ lẹ́nu ṣájà, mítà wí 12.5, inú mi dùn. Bàbá ní kí n má tíì dunnú, kí a fi sílẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tí a fi máa wò ó láàárọ̀, ó ti di 10.5.

"Tíṣà, ilé kan ti kú nínú rẹ̀," ni Bàbá wí.

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi, wọ́n sì fa bẹ́ǹṣì wá fún mi. Mo fẹ́ràn ọ̀nà tí Bàbá gbà sọ ọ́, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kò lè sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀. Ilé mẹ́fà ló wà nínú bátìrì mọ́tò, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Bí bátìrì bá kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóòtù 2.1 wá. Mẹ́fà rẹ̀ ni 12.6, ohun tó sì yẹ kí mítà wí nìyẹn bí bátìrì bá ti kúrò lẹ́nu ṣájà fún wákàtí mélòó kan. Bí ilé kan bá kú, 10.5 ló kù. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àwo òjé pẹlẹbẹ ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n rì sínú omi tí wọ́n lú mọ́ ásíìdì. Bí bátìrì bá ń fúnni níná, ásíìdì ń kúrò nínú omi, ó ń wọ ara òjé, ohun funfun kan á sì máa lẹ̀ mọ́ àwo náà bí ẹfun. Bí o bá tètè dá iná padà sínú rẹ̀, ẹfun yẹn á tú, ásíìdì á padà sínú omi. Bí ó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn, lílọ àti bíbọ̀. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ṣófo tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹfun yẹn á dì mọ́ òjé.

Bàbá ní: "Ṣé ẹ mọ símẹ́ǹtì tí bíríkìlà pò, tí òjò wá lé e sílé? Bó bá padà dé lọ́jọ́ kejì tó gbé garawa omi dání, kí ló fẹ́ fi omi ọ̀hún ṣe?"

Mo ní ṣùgbọ́n mi ò lò ó. Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò fọwọ́ kàn án. Bàbá ní ohun tó pa á gan-an nìyẹn. Wọ́n mú mi padà wá sílé, wọ́n gbé bátìrì mìíràn tí wọ́n mú dání sínú mọ́tò, wọ́n yọ wáyà dúdú kúrò lórí rẹ̀, wọ́n wá fi mítà sáàárín wáyà yẹn àti orí bátìrì, kí gbogbo iná tó ń lọ lè gba inú mítà kọjá. Mọ́tò wà ní pípa, ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Mítà wí mílíámpù 90, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń jò jáde. Aago ń mu níbẹ̀, rédíò ń mu kó má bàa gbàgbé ibùdó tó ń gbọ́, kọ̀ǹpútà mọ́tò ń mu, àláàmù tí mo ní kí wọ́n fi kún un lẹ́yìn tí mo rà á ló sì ń mu jù. Bàbá ní bí kò bá ju 50 lọ, kò burú. Mo ṣírò 90 yẹn lórí ìwé: láàárín wákàtí 24, ó lé díẹ̀ ní ámpù-wákàtí 2. Bátìrì mi, ámpù-wákàtí 45 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn gbogbo iná tó lè gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó ti gbẹ. Ìyẹn ni pé fún oṣù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mo fi ń wọ Márúwá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, òfìfo ló wà níbẹ̀, tí símẹ́ǹtì ń dì nínú rẹ̀.

Mo pe Bọ̀dá mi ní Winnipeg, ní Kánádà, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí mo rántí pé Bọ̀dá ní mọ́tò kan tí wọn kì í gbé síta nígbà òtútù. Wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin mọ́tò. Nítorí náà, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin, inú gáréèjì ni mọ́tò yẹn ń wà. Mo bèèrè pé báwo ni bátìrì wọn ṣe ń yè é. Mo rò pé òtútù ibẹ̀, tó máa ń lọ sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, yóò ti pa á tán.

"Àbúrò mi, òtútù kì í pa bátìrì tó yó," ni Bọ̀dá wí. "Èyí tí ebi ń pa ni òtútù ń mú."

Àlàyé rẹ̀ rèé. Bí bátìrì bá kún, omi inú rẹ̀ nípọn fún ásíìdì, kò sì ní dì àfi bí òtútù bá lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 60 nísàlẹ̀ òdo. Bí ó bá ṣófo, ásíìdì ti kúrò nínú omi, ó kù díẹ̀ kó di omi lásán. Òtútù tí kò tó ìwọ̀n 10 nísàlẹ̀ òdo lè mú irú èyí dì gbagidi, kí omi dídì sì ti àpótí rẹ̀ kó sán. Nítorí náà, kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, Bọ̀dá á gba iná sínú tirẹ̀ kó kún, wọ́n á wá fi ṣájà kékeré kan sí i. Ṣájà yìí ń wo bátìrì fúnra rẹ̀: bó bá kún, á dáwọ́ dúró, bó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, á tún fún un. Kì í ṣe ṣájà àtijọ́ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, tó máa ń sè bátìrì títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ.

Bọ̀dá tún sọ ohun kan tí mo ṣì ń rò títí dòní. Bátìrì tí wọn kò so mọ́ nǹkan kan pàápàá ń jò, iná inú rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ooru ló ń mú kó yára. Bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 pọ̀ sí i, jíjò yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá wo èyí: bátìrì tó kún, nínú gáréèjì tútù ní Winnipeg, ní ìtura ju tèmi lọ lábẹ́ páànù ní Àsẹ̀rò. A máa ń káàánú àwọn èèyàn wa tó wà nílùú òtútù, síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwa gan-an ni nǹkan le fún. Ẹni tó bá ti rìn ní Sàpọ́n lọ́sàn-án oṣù Kẹta, nígbà tí àpáta àti páànù bá jọ ń tú ooru sílẹ̀, mọ ohun tí mò ń sọ. Ooru yẹn ń gbẹ omi inú bátìrì, ó ń jẹ àwo òjé. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá dé ní oṣù Kejìlá, tí mọ́tò kọ̀ láti tan láàárọ̀, ọyẹ́ la máa ń bú. Oòrùn ló pa á látẹ̀yìnwá, ọyẹ́ kàn wá sọ fún wa ni.

Owó bátìrì tuntun kò sí lọ́wọ́ mi lóṣù yẹn. Mo ra àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ọjà kan. Ó ń dán, ó mọ́, orí rẹ̀ funfun nini, mítà sì wí 12.6 lójú mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò. Nígbà tí Bàbá rewáyà yọ ìdérí rẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, wọ́n ní kí n wò ó. Omi inú rẹ̀ dúdú bí ẹ̀rọ̀fọ̀, èérún ara àwo ti já sísàlẹ̀. Wọ́n ti da ásíìdì tuntun sínú bátìrì tó ti kú, wọ́n sì fọ ara rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó tí mo fi rà á, mo yá díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé nọ́ḿbà orí mítà nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí o fi í tan mọ́tò, kí o máa wo mítà lásìkò tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Bó bá ṣubú lọ sísàlẹ̀ 9, gbé e padà fún un.

Èyí tí mo ń lò báyìí, tuntun ni mo rà á ní ọdún 2024, mo sì wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kí n tó san owó, nítorí bátìrì tó ti pẹ́ lórí àtẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo ní kí Bàbá yọ àláàmù yẹn kúrò. Epo ṣì wọ́n, ó tilẹ̀ ti kọjá 1,000 kí ọdún yẹn tó parí, nítorí náà mọ́tò yìí ṣì ń dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Bí mo bá mọ̀ pé mi ò ní jáde fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, mo máa ń mú sípánà nọ́ḿbà 10, mo máa ń tú wáyà dúdú. Dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, ẹ jọ̀wọ́, pupa kọ́. Gbogbo ara mọ́tò ló so mọ́ dúdú. Bí ẹ bá ń tú pupa nígbà tí dúdú ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà bá lọ kan irin ara mọ́tò, iná tó máa ta níbẹ̀ lè jó ọwọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, pupa ni yóò kọ́kọ́ wọlé, dúdú ni yóò gbẹ̀yìn. Ohun tí mo ń pàdánù kò ju aago àti ibùdó rédíò lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ fún mi pé wàhálà kí ni mò ń ṣe, pé kí n kàn máa tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀ Sátidé kí ó gbóná. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe é. Títan ẹ́ńjìnnì ń mu iná tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú márùn-ún tí mọ́tò fi ń kùn lójú kan kò sì lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó jó epo, bátìrì á sì tún rù díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ tan án, ẹ wà á jáde: láti Àsẹ̀rò lọ sí Òbàntokò kí ẹ sì padà, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà. Ara táyà àti bíréèkì pàápàá yóò yá.

Omi bátìrì náà ńkọ́? Tèmi jẹ́ olómi, ìdérí mẹ́fà ló ní. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ jọ (distilled water), èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì, ni mo ń dà sí i. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà, kì í sì í ṣe ásíìdì, nítorí omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Bí omi bá ti bo àwo òjé, ó tó. Àwọn tó ń lo èyí tí a ń pè ní gbígbẹ kò ní ìdérí kankan láti ṣí, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín: ásíìdì wà nínú òun náà, ebi sì ń pa òun náà. Ọ̀rọ̀ pé ilẹ̀ símẹ́ǹtì máa ń fa iná kúrò nínú bátìrì, Bàbá rewáyà gbà á gbọ́ dájú, kì í gbé bátìrì sílẹ̀ láìfi pákó sábẹ́ rẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ nígbà tí àpótí rẹ̀ kì í ṣe ike bíi tòní. Ti òde òní kò ní ìṣòro yẹn. Síbẹ̀ mo ṣì ń fi pákó sábẹ́ tèmi nígbà tí mo bá gbé e wọlé, nítorí Bàbá.

Kí n sọ ti àdìrẹ mi. Lọ́jọ́ kan, ìyẹ̀fun aláwọ̀ búlúù gùn orí bátìrì, mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Mo po sódà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo rọra dà á sí i, ó hó yààà, ó ru bí ọṣẹ, ìyẹ̀fun náà sì ń yọ́ lọ. Ó dùn ún wò. Mo nù ún gbẹ, mo fi faselíìnì pa á lórí kó má bàa tún wá. Ohun tí mi ò ro ni pé ìró àdìrẹ tí mo rà ní Ìtòkú, èyí tí ìyá mi bá mi yan, ló wà nídìí mi. Mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo sá a sórí okùn, oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá: ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́, ó ju ogún lọ, láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ásíìdì kì í pariwo nígbà tó bá ń jẹ aṣọ. Mo wá rò ó pé ojú mi ni ẹ̀kán yẹn ìbá ta sí. Láti ọjọ́ náà, mo ní aṣọ kan tí mo yà sọ́tọ̀, mo sì máa ń gbé garawa omi kan sí tòsí, nítorí bí ó bá ta séèyàn lójú, omi púpọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, kó tó di pé à ń wá dókítà. Ìta gbangba ni mo sì ti ń gba iná sí i, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lásìkò yẹn lè gbiná.

Ọ̀rọ̀ òjé gan-an sì kọjá ọ̀rọ̀ aṣọ. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó jáde nínú erùpẹ̀ tí wọ́n ń wa wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ní Ògijo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù, wọ́n ti rí òjé nínú ilẹ̀ àti nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Bátìrì tí mo pa lọ́dún 2023 nítorí pé mi ò bìkítà, ibì kan ló lọ. Mi ò mọ ẹni tó fọ́ ọ. Bí bátìrì kan bá lo ọdún márùn-ún dípò méjì, ó dín èyí tí ẹnì kan máa fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ ọlọ́mọ kù, ìdí yìí sì jẹ mí lógún ju owó lọ báyìí.

Mítà mi wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Láàárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí oòrùn tó mú, mo máa ń gbé e lọ ẹ̀yìnkùlé. Bó bá wí 12.6, mo dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti sún mọ́ 12.4, ó ti lo ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn, mo gbọ́dọ̀ gba iná sí i. Mi ò kí ń jẹ́ kó dé 12.2, nítorí ìdajì ti lọ níbẹ̀. Ìyá mi mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ látojú fèrèsé yàrá wọn.

"Ó wí mélòó lónìí?"

Ní Sátidé tó kọjá, 12.4 ni. Mo sọ fún wọn. Mo fa wáyà ṣájà gba ojú fèrèsé jáde, mo fi pupa há pupa, mo fi dúdú há dúdú, mo wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń dúró de NEPA.